Orúkọ Tí Màmá Kò Lè Pè

Ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn wa ní Èkó rán mi lọ sí Johannesburg ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n ní kí n máa kọ ìròyìn òṣèlú. Mo kọ ọ́. Ó sì tètè sú mi, nítorí ohun kan náà ni àwọn olóṣèlú ń sọ, táì ọrùn wọn nìkan ló yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ń ṣí etí sí gan-an, tí ẹnikẹ́ni ní Èkó kò fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Ní ìlú yẹn, ní àkókò yẹn, ó jọ pé orúkọ gbogbo ènìyàn wà lórí àtẹ, tí oníkálukú ń mú èyí tó wù ú, tó sì ń dá ti tẹ́lẹ̀ padà.

Àwọn onílùú ń bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀. Ọkùnrin kan wà nílé-iṣẹ́ rédíò ní Auckland Park, níbi tí mo ti ń lọ fi ìròyìn ránṣẹ́ sílé. Ọmọ Súlù ni, oníròyìn bíi tèmi, a sì máa ń jọ mu tíì. Elias ni gbogbo ènìyàn ń pè é nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ kan, mo dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, mo rí ìwé tó lẹ̀ mọ́ ọn: Elias ti kú, kí ẹni tó bá fẹ́ rí òun pe òun ní orúkọ tí ìyá òun sọ òun.

"Tíṣà ló fún mi ní Elias," ó sọ fún mi. "Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ kíláàsì. Kò lè pe tèmi, ló bá wò mí lójú, ó ní mo jọ Elias. Ọ̀rẹ́ mi, báwo ni ènìyàn ṣe ń jọ Elias?"

Àwọn tiwa sì ń ṣa ohun tí àwọn wọ̀nyí ń jù sílẹ̀. Ní Hillbrow, nísàlẹ̀ ilé gíga tí mo ń gbé, ọmọ Ìjẹ̀bú kan ń ta bàtà, Tony ló ń jẹ́. Ẹni tó ń ta rédíò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ Tony. Ẹni tó ń se oúnjẹ fún àwọn méjèèjì náà ń jẹ́ Tony, àfi pé nítorí ikùn rẹ̀, wọ́n ń pe tirẹ̀ ní Tony Ńlá. Mo bi oníbàtà léèrè ohun tó ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé.

"Ọ̀gá, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Wọn ò lè pè é. Kí n tó kọ́ wọn tán, kọ́sítọ́mà á ti sọdá níbi róbọ́ọ̀tì, iná ojú títì wọn yẹn, á ti bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ Tony ni gbogbo yín mú?"

"Gbogbo ayé ló mọ Tony."

Obìnrin Abẹ́òkúta kan tó ń dirun ní òdìkejì títì bí ọmọbìnrin mẹ́ta. Èyí àkọ́kọ́, tó bí sílé, Olúwa ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. Ìkejì ń jẹ́ Blessing. Ìkẹta, tó bí sí Hillbrow, ń jẹ́ Thandi. Mo ní kí ló dé. Ó yọ òwú kúrò lẹ́nu, ó ní, "Ibi tí mo bá dé ni mo ń bá wọn sọ ọmọ níbẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa fi ọmọ mi ṣẹ̀sín ni?" Mi ò gbà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí lọ. Òun kò pe ìbẹ̀rù tirẹ̀ ní ìmọ̀.

Àwọn tí mo ní lọ́kàn ni àwọn ọ̀mọ̀wé wa: dókítà, ẹnjiníà, olùkọ́ yunifásítì, àti àwọn ìyàwó wọn tó ń ṣiṣẹ́ ìṣirò owó. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, ilé ọ̀kan nínú wọn ní Auckland Park ni wọ́n ti ń pàdé láti jẹun, kí wọ́n sì máa bá ara wọn sọ bí àwọn ṣe ga tó. Àwọn ọmọ wọn tó ti ń sáré kiri, ilé ni wọ́n ti bí wọn, ní ìgbà tí Tolú gbòde. Bí ènìyàn bá pe Tolú ní pálọ̀ yẹn, ọmọ mẹ́ta á dáhùn lédè òyìnbó, ẹ̀kẹrin á bú sẹ́kún nítorí ó rò pé wọ́n fẹ́ bá òun wí. Wọ́n wá ní àṣà pípè wọ́n pẹ̀lú iṣẹ́ bàbá: Tolú Dókítà, Tolú Ẹnjiníà. Èyí kò sì tì wọ́n lójú.

Mo mọ bí ọ̀nà náà ṣe gùn. Àwọn bàbá àgbà wọn jẹ́ orúkọ Ògún, orúkọ Ifá, orúkọ Ọ̀ṣun. Ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó ní kí wọ́n lọ jù ú nù, wọ́n jù ú nù, wọ́n sọ àwọn ọmọ ní Emmanuel, Felicia, Comfort. Felicia bí ọmọ tirẹ̀ nígbà tí orílẹ̀-èdè gba òmìnira, ojú ń ti í díẹ̀, ó sọ ọmọ rẹ̀ ní orúkọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó fi Olú síwájú rẹ̀ kí pásítọ̀ má baà bínú. Ọmọ yẹn bí tirẹ̀ nígbà tí ìjọ tuntun ń hù káàkiri, òun náà fi Jésù síwájú. Nígbà tí wọ́n wá dé Johannesburg, tí wọ́n rí i pé àwọn onílùú ń fi ìgbéraga gba orúkọ baba ńlá wọn padà, ó wọ̀ wọ́n lójú. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, gbogbo ẹni tí ìyàwó rẹ̀ lóyún ló ń kọ lẹ́tà sílé láti béèrè ohun tí baba baba bàbá òun ń jẹ́. Wọn kò padà sọ́dọ̀ Ògún o. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá rí ojúbọ Ògún ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, pásítọ̀ ló máa kọ́kọ́ tẹ̀ láago. Bí àwọn ìyàwó wọn ṣe ń wá àrà tuntun fún ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ni àwọn ṣe ń wá ìró tuntun fún ọmọ.

"Orúkọ yẹn jinlẹ̀," ni wọ́n máa ń sọ. Èyí tó bá ti gùn, tí wọn ò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀, ló jinlẹ̀ jù.

Onílé tí wọ́n ń pàdé lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ kíláàsì mi ní Iléṣà. Ó ń kọ́ni ní ìtàn Áfíríkà ní yunifásítì. Nígbà tí a wà níléèwé, Michael ló ń jẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá sì pè é ní Máíkẹ̀lì bíi ti ará oko, kò ní dáhùn. Ẹni yìí náà ló wá ń sọ fún mi ní Johannesburg pé orúkọ òyìnbó jẹ́ ẹ̀wọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ bí ọmọkùnrin, àkọ́bí wọn, lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí wọ́n ti ń retí. Ó gba orúkọ kan lẹ́nu àbúrò bàbá rẹ̀ lórí fóònù, orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ gan-an, ó sì fi sọ ọmọ náà. Ògún ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà. N kò ní kọ ìyókù rẹ̀, nítorí Màmá, ìyá rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Físà Màmá pẹ́ jáde, nítorí náà kò bá wọn níbi ìsọmọlórúkọ. Èmi àti olùkọ́ yìí la jọ lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Obìnrin kúkúrú, aláwọ̀ dúdú, tó mú ẹ̀rín wá láti Iléṣà. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí ọmọ.

"Màmá, ẹ gba ọmọ yín," olùkọ́ ní, ó sì pe orúkọ náà kíkankíkan, bí ẹni tó ń ka ìròyìn.

Ọwọ́ Màmá dúró lófuurufú. "Ta ni ẹ pè é?"

Ó tún un pè. Màmá gbé ọmọ náà mọ́ra, ó fi orí kan orí rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ewu. Ẹ kú ewu, ẹ̀yin ọmọ mi."

Láti ọjọ́ yẹn, kò pe ọmọ náà lórúkọ. Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi òróró pa á lára, ó ń pọ̀n ọ́n láàárín ilé títí ó fi máa sùn. Ṣùgbọ́n "ìwọ yìí" ló ń pè é. Nígbà tó kọ́kọ́ dán "Bàbá" wò, ìyàwó ní rárá. Surulere ni ìyàwó yìí dàgbà sí, akáǹtáńtì ni, kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n ó ní ìwé ìtọ́mọ kan tí obìnrin òyìnbó kọ. Ìwé náà sọ pé orúkọ kan ṣoṣo ni kí a máa pe ọmọ, kí orí rẹ̀ má baà dàrú.

"Ọmọdé tí ò tíì mọ ọwọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀," ni mo wí fún un, "orí wo ló fẹ́ dàrú níbẹ̀?"

"Bọ̀dá, ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀."

Kò pẹ́ tí ìyàwó fi mú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi Màmá. Ṣé ọmọ mi kò jọ wọ́n ni?"

"Ta ló sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Wọn ò pe orúkọ rẹ̀ rí. Kí ni mo fẹ́ rò? Ọdún tí mo fi ń wá ọmọ, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ó wá dé tán, wọ́n ń pè é ní 'ìwọ yìí' bí ọmọ aládùúgbò. Àbí wọ́n rò pé ibòmíràn ni mo ti rí i?"

Ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀ kò rí i bẹ́ẹ̀. Ó ti rí ìdí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa ń rí ìdí ohun gbogbo kó tó béèrè. "Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ògún ni wọn ò fẹ́ fi ẹnu kàn. Àwọn míṣọ́nnárì ti ba ọpọlọ ìran yẹn jẹ́ pátápátá. Mo ti fún Màmá di ìparí oṣù. Bí wọn ò bá pe orúkọ ọmọ mi, mo máa yí tíkẹ́ẹ̀tì wọn, kí wọ́n máa lọ sílé. Ẹni tó kórìíra orúkọ ọmọ mi kò ní máa wẹ ọmọ mi."

"O sọ èyí fún wọn?"

"Mo sọ ọ́."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí n jẹun."

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, pálọ̀ kún. Dókítà kan wà níbẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀ bí kò ṣe láti parí ọ̀rọ̀. Ẹnjiníà kan wá láti Rosettenville pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ tí oyún rẹ̀ ti yọ. Olùkọ́ jókòó láàárín wọn, ó ń ṣàlàyé bí òun ṣe gba orúkọ ìdílé òun lọ́wọ́ ìtàn. Mo bi ẹnjiníà léèrè bóyá ó gbọ́ ìtumọ̀ orúkọ náà.

"Ó jinlẹ̀," ó ní.

"Mo gbọ́. Kí ló túmọ̀ sí?"

"Ó ní í ṣe pẹ̀lú Ògún."

Màmá jáde láti inú yàrá pẹ̀lú ọmọ léjìká. Olùkọ́ gbé ọwọ́ sókè kí gbogbo ènìyàn dákẹ́. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ọmọ yín kí àwọn ènìyàn gbọ́ bó ṣe ń dún lẹ́nu ẹni tó ni èdè."

"Ìwọ ọmọ yìí, oúnjẹ rẹ ń tutù."

"Màmá, ẹ pè é. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo."

Màmá wo ojú kọ̀ọ̀kan nínú pálọ̀ náà. Ó yí padà, ó gbé ọmọ wọ ilé ìdáná. Ìyàwó olùkọ́ dìde, ó gba yàrá lọ, a gbọ́ bí ó ṣe ti ilẹ̀kùn. Dókítà tún ọ̀fun ṣe.

"Ọjọ́ orí ni," ó ní. "Orúkọ ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ẹ mú wọn wá rí mi."

Mo wo ọkùnrin náà. Obìnrin tó rántí iye iyọ̀ tí olúkúlùkù wọn fẹ́ nínú ọbẹ̀ rẹ̀, òun ló fẹ́ yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò. Mo dìde, mo tẹ̀lé Màmá.

Ó jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ. Láti ìgbà tó ti mọ̀ pé ìwé ni mo ń kọ jẹun ló ti ń pè mí ní Akọ̀wé, kò sì béèrè orúkọ mi mìíràn rí. Èdè ilé wa la fi sọ̀rọ̀, èdè Ìjẹ̀ṣà, tí olùkọ́ kì í fẹ́ kí a sọ níwájú àlejò.

"Màmá, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?"

"Akọ̀wé, ìwọ náà fẹ́ kí n pe bàbá ọkọ mi lórúkọ?"

Ìgbà yẹn ni ó yé mi, ó sì yà mí lẹ́nu pé kò tètè yé mi.

"Ẹni tí mo ń kúnlẹ̀ fún láràárọ̀," ó ní. "Ẹni tí mo ń gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀. Lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ orúkọ yẹn, kò tíì jáde lẹ́nu tèmi láti ìgbà tí mo ti wọ ilé wọn. Oníṣu kan wà tí ń jẹ́ orúkọ kan náà, tó máa ń wá sí àdúgbò wa. Bí mo bá fẹ́ rà lọ́wọ́ rẹ̀, màá ní 'Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé iṣu yìí.' Nígbà tí Bàbá kú, tí àwọn ọmọ ilé ń sunkún, tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀, 'Bàbá Àgbà' ni èmi fi sunkún tèmi. Ní báyìí, kí n máa wí fún un pé kó dákẹ́ ẹkún? Kí n máa nu ìdí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n máa pe orúkọ náà mọ́ ọn lójú?"

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún un?"

"Kí n sọ kí ni? Ọmọ tí mo bí, tó kàwé débí yìí, kí n wá sọ fún un pé ìyàwó ilé ni ìyá rẹ̀? Mo rò pé ó mọ̀. Mo rò pé ó kàn fẹ́ rí mi níbi tí mo ti ń tẹ́ ni."

Ọmọ náà ń fa etí gèlè rẹ̀. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó máa fà á.

"Gbogbo àwọn àbúrò ọkọ mi ni mo sọ lórúkọ tèmi," ó ní. "Ọ̀kan ni Eyínfúnjowó, ọ̀kan ni Gbájúmọ̀. Wọ́n dàgbà tán, wọ́n di bàbá olọ́mọ, wọ́n ṣì ń dá mi lóhùn. Kí ló burú nínú kí n sọ èyí náà? Wọ́n ní ìwé kò gbà á. Akọ̀wé, mo ti dàgbà. Nígbà tí mo bá lọ, n kò mọ̀ bóyá n ó tún rí i. Kí n ní nǹkan kan tí n ó máa pè é, tí yóò mọ̀ pé ohùn mi nìyẹn, tán. Ìyẹn ni mo torí rẹ̀ wá síbí. Tí wọ́n bá dá mi padà ní ìparí oṣù, mo ti wá lásán."

"Ẹ ò sì tíì pè é ní nǹkan kan?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà kó tó dáhùn. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ kí ẹnjiníà ní Rosettenville, ó rí àwọn òkìtì yẹ̀pẹ̀ ńlá tí wọ́n hú jáde nínú kòtò ìwakùsà. Wọ́n sọ fún un pé wúrà ló wà nísàlẹ̀ gbogbo ìlú náà. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ń wẹ ọmọ, tí omi ń dún, ó ń pè é ní Asùntiwúrà, ní ohùn kékeré.

"Má sọ fún wọn," ó ní.

Lọ́jọ́ kejì, mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọmọ Súlù tó ti pa Elias. Ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀.

"Éìṣ! Ẹ̀yin náà? Orúkọ bàbá ọkọ ìyá mi ní ìró omi nínú. Ìyá mi kò pe omi ní omi rí láyé rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ mìíràn tó ń pè é. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé omi oríṣi méjì ló wà, èyí tó wà nílé wa àti èyí tó wà níléèwé." Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó wá yíjú sí mi. "Ọ̀rẹ́ rẹ yẹn, ṣé òun kọ́ ni olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtàn Áfíríkà?"

"Òun ni."

"Ṣápù," ó ní, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń sọ pé ó ti yé wọn, ó sì gbé tíì rẹ̀.

Mi ò ṣe bí Màmá ṣe wí. Mo lọ bá tọkọtaya náà nílé, mo sọ ìdí tí Màmá kò fi lè pe orúkọ náà, mo sì sọ pé kò sí ìkórìíra kankan níbẹ̀. Ìyàwó kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó sáré wọ yàrá Màmá, ó kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ má bínú. Mo rò pé ẹ ò gbà pé tiwa ni. Ẹ máa pè é ní ohun tó bá wù yín. Ẹ ò lọ síbì kankan ní ìparí oṣù."

Ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀ lọ mú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wá. Mo fi ojú mi rí i. Ó fi kásẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, ó gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì Màmá, láàárín ìyá tó ń nu ojú ìyàwó àti ọmọ tó ń sunkún nítorí ariwo wọn.

"Màmá, èyí ṣe pàtàkì gan-an fún ìwádìí mi. Ẹ ṣàlàyé bó ṣe máa ń rí lára yín bí orúkọ náà bá fẹ́ jáde lẹ́nu yín."

"Gbé nǹkan yìí kúrò lórí aṣọ mi," Màmá ní.

Kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lójú mi. Nígbà tó sìn mí dé ọkọ̀, ohun tó sọ ni pé òun ti rí àkọlé fún ìwé tí òun máa kà ní ìpàdé àwọn olùkọ́. Orúkọ kò ní yí padà o, ó ní. Ìtàn ló ni ín.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ ìtàn. Ìyàwó ẹnjiníà bí ọmọkùnrin ní Rosettenville, ẹnjiníà sì sọ ọ́ ní orúkọ yẹn gan-an, láìyọ lẹ́tà kan kúrò níbẹ̀. Inú olùkọ́ ru. "Kò sí Ògún kankan nílé wọn! Aṣọ ni bàbá bàbá rẹ̀ ń tà!" Mo lọ bi ẹnjiníà. Ó ń fi ọmọ tuntun hàn mí, inú rẹ̀ dùn. "Ṣé ó ra orúkọ náà ni? Ó jinlẹ̀, mo fẹ́ ẹ, mo mú un." Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ọmọ Hillbrow tó ń ta rédíò, Tony tí kò sanra, bí ọmọ tirẹ̀. Ó ti gbọ́ pé orúkọ yẹn ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń sọ ọmọ. Ó sọ tirẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyẹn ló pa orúkọ náà. Kí ọmọ olùkọ́ yunifásítì àti ọmọ ẹni tó ń ta rédíò lẹ́bàá títì máa jẹ́ orúkọ kan náà! Láàárín ìgbà yẹn, Màmá ti ń pe Asùntiwúrà sókè káàkiri ilé, ọmọ náà sì ti ń yí ọrùn sí i. Ìyàwó náà ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí ìwé òyìnbó mọ́. Màmá lo gbogbo ìgbà tí físà rẹ̀ fún un, ó sì lọ sílé ní ọjọ́ tirẹ̀. Ní pápákọ̀, ó pe ọmọ náà láti ẹ̀yìn gíláàsì, ọmọ náà wá ohùn rẹ̀ kiri títí ó fi rí i.

Ọjọ́ Àìkú kejì tí Màmá lọ, mo wà ní pálọ̀ nígbà tí olùkọ́ gbé ọmọ rẹ̀ fún àlejò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Èkó. "Asùntiwúrà," ó ní. "Orúkọ àtayébáyé ni nínú ìdílé wa. Wọn kì í fún gbogbo ọmọ."

Mo wò ó. Kò ṣẹ́jú.

"Ó jinlẹ̀," àlejò ní.

Wọ́n ti lọ yí orúkọ rẹ̀ padà lọ́dọ̀ ìjọba, ó ti wọ ìwé ìbí. Kí ọdún tó parí, dókítà tó fẹ́ yẹ ọpọlọ Màmá wò bí ọmọbìnrin, ẹ sì mọ ohun tó sọ ọ́.

Nígbà tí mo gba ìsinmi lọ sílé, mo lọ kí Màmá ní Iléṣà. Mo mú fọ́tò ọmọ náà dání, ó ti ń dúró, ó di ẹsẹ̀ àga mú. Màmá gbé fọ́tò náà sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó tún gbé e sún mọ́ ọn.

"Asùntiwúrà mi. Ṣé ó ṣì ń dáhùn?"

"Ó ń dáhùn, Màmá. Òun nìkan kọ́ ló ń dáhùn mọ́."

Mo sọ fún un bó ṣe rí, ti àlejò, ti ìwé ìbí, ti ọmọ dókítà. Ó gbọ́ ti àlejò, ó rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ti ọmọ dókítà, ó gbọn orí. Èyí tó mú un dìde ni ti ìwé ìbí.

"Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé?"

"Wọ́n kọ ọ́, mà. Òun ni wọ́n á máa pè é níléèwé."

"Ọ̀rọ̀ tí mo fi ń bá ọmọ ṣeré nínú omi ìwẹ̀?" Ó pòṣé, òṣé gígùn. "Nítorí kí n má baà pe orúkọ gidi ni mo ṣe wá òmíràn. Ó wá di gidi báyìí."

"Màmá, ẹ̀yin lè pè é. Ìyẹn ni ẹ fẹ́."

"Èmi lè pè é." Ó jókòó padà. Ó gbé fọ́tò náà lé orókùn, ó ń fi àtàǹpàkò nu eruku tí kò sí lórí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. "Ṣùgbọ́n ọmọ yìí á dàgbà. Á bí ọmọ tirẹ̀, ọmọ yẹn á sì fẹ́ ìyàwó. Akọ̀wé, ìyàwó yẹn ni mo ń ṣàánú. Bí wọ́n bá kọ́ ọ nílé bó ṣe yẹ, kò ní lè pe bàbá ọkọ rẹ̀ lórúkọ títí láé. Kó yáa tètè wá nǹkan mìíràn tí á máa pè é."